Ìyá Tó Kọ Ọ̀rọ̀ Ogun

Nígbà tí wọ́n sin ọmọ Akọ̀wé tán, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ogun ń bọ̀. Akọ̀wé yìí ni obìnrin tó ń bá Ààrẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ bá aráàlú sọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Iléeṣẹ́ rédíò ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ò sì gbófo. Ọjọ́ tó pe ìjọba ní olè lórí afẹ́fẹ́, ńṣe ni ìyá rẹ̀ ń sá fún ojú Ààrẹ káàkiri ọ́fíìsì. Ìtòsí ẹnubodè tó wà láàárín wọn àti orílẹ̀-èdè kejì ni wọ́n ti bá òkú ọmọ náà nínú mọ́tò, ìbọn ti dá a lu. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló wá sílé wá túfọ̀ rẹ̀ fún ìyá. Ó ní àwọn ṣọ́jà orílẹ̀-èdè kejì ló ṣiṣẹ́ ibi náà. Ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, omi sì ń bọ́ lójú Ààrẹ.

"Màmá, ẹni tó pa ọmọ yín máa jẹ iyán rẹ̀ níṣu," ni Ààrẹ wí.

"Ẹ ṣeun, sà. Ohun tí mo ń fẹ́ náà nìyẹn. Ẹni tó pa á ò ní mú un jẹ láéláé."

Ìjọba yẹn ní ìwà kan. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa wá iṣẹ́ tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Bí wọ́n ṣe kọ́ afárá tí kò já síbì kankan nìyẹn. Ààrẹ ti ṣèlérí rẹ̀ níwájú èrò, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí. Ohun tí Akọ̀wé bá ti kà níbi ìpàdé, tí Ààrẹ mi orí sí, ó ti dòfin nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ ogun, Akọ̀wé dìde nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó ka èyí tó kọ. Kò pariwo. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ààrẹ ló ní kó fi orúkọ orílẹ̀-èdè kejì sí i. Kó tó kà á tán, àwọn mínísítà ti ń nu ojú, Ààrẹ sì ti ń yọ àyà bí ọ̀dọ́kùnrin.

Ọ̀gágun, olórí gbogbo ṣọ́jà, ló bà á jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ yìí dùn," ló wí. "Àmọ́ kí gan-an la fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn? Tí a bá gba ìlú àkọ́kọ́, kí ló kàn? Ìgbà wo la máa sọ pé ó tó?"

Akọ̀wé ló yíjú sí i.

"Ọ̀gá, ká ní ọmọ tiyín ni, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ jókòó máa ṣètò?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ọmọ àwọn ẹlòmíì náà ni mo fẹ́ kó lọ."

"Ẹ jókòó, jàre," ni Ààrẹ wí. "Tí a bá débẹ̀, a máa mọ ohun tí a máa ṣe."

Akọ̀wé mú bírò, ó fi gbólóhùn yẹn kún ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Ààrẹ sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ìlú hó yèè. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gágun.

Àbúrò Akọ̀wé wá bá a nílé. Ọmọ tiẹ̀ wà lára àwọn ṣọ́jà tó ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ Ààrẹ, kí wọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀."

Akọ̀wé ń fọ abọ́, kò wẹ̀yìn. "Tí mo bá bẹ̀bẹ̀ fún tìẹ, wọ́n á ní èmi gan-an ò gba ohun tí mo kọ gbọ́."

"Háà! Ẹ ò lójú àánú mọ́!"

"Mi ò ní. Wọ́n ti sin ín mọ́ ọmọ mi."

Wọ́n gba ìlú àkọ́kọ́ wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Lónìí, Ààrẹ á ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Lọ́la, á ní kí wọ́n dúró ná. Oúnjẹ tán lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà. Òkú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tí Ààrẹ fẹ́ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè kejì pé kí wọ́n jẹ́ káwọn parí ìjà, Akọ̀wé ló dá a dúró.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni, sà?" Ló bá tún kọ ọ̀rọ̀ míì, èyí tó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ dé láìlẹ́sẹ̀. Àbúrò ò kí i mọ́. Akọ̀wé ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pa, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó bọ́jú, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn ìyá kún ojú títì fọ́fọ́. "Ẹ ti débẹ̀ o! Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?" ni wọ́n ń pariwo níwájú ọ́fíìsì Ààrẹ. Àwọn mínísítà tó nu ojú lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn aṣòfin yọ Ààrẹ nípò, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ nítorí ẹ̀mí tó ṣòfò.

Akọ̀wé nìkan ló lọ wò ó lẹ́wọ̀n. Ọkùnrin náà ti rù hangogo, ó ń fọwọ́ di ṣòkòtò mú.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ ò pa mí tì," ló wí. "Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò bá yín gbẹ̀san ọmọ yín."

"Ọmọ mi fi fóònù pè mí kó tó kú, ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ yín ló dá òun lọ́nà, pé ẹ̀yin lẹ rán wọn. Mo mọ̀ pé ìbò ò lè yọ yín nípò, àmọ́ ogun lè yọ yín, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ fún yín, sà."