Àpótí Tí Alága Kò Lè Mì

Yàrá iwájú ilé Màmá dojú kọ títì, fèrèsé rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀. Àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀ méjì ló ń ṣojúkòkòrò sí i. Káfíńtà fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn oníbàárà máa rí àga rẹ̀ láti ìta. Jórinjórin náà fẹ́ ẹ, nítorí abẹ́ igi ló ti ń jó irin, òjò ló sì máa ń sọ fún un ìgbà tí iṣẹ́ parí.

Ṣùgbọ́n Alága ló ń gbé ibẹ̀. Olóògbé ọkọ Màmá ló mú un wálé lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀. Alága kò gbé ẹrù kankan wá, kò sì sẹ́ni tó béèrè owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà ń kú lọ, ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé wọn kò gbọdọ̀ lé Alága kúrò ní yàrá náà, àfi tí wọ́n bá rí ibòmíràn tó dáa bíi rẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, Alága ń jẹ, ó ń sùn, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń gùn sí i. Láràárọ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo àwọn tó ń kọjá bíi pé òun ló ni àdúgbò. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ó kórìíra omi. Bí òjò bá ṣú, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé.

Lọ́jọ́ kan, Màmá pe àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Mo fẹ́ àpótí ajílẹ̀," ó ní. "Ibi tí n ó máa kó ewé àti èèpo oúnjẹ sí, kó jẹrà, kí n fi tọ́jú ọgbà mi. Ẹni tí Alága bá fara ti tirẹ̀ tí kò mì, òun ló ni yàrá iwájú."

"Alága fúnra rẹ̀ ńkọ́, Màmá?" Káfíńtà béèrè.

"Ìyẹn ò kàn yín. Èmi ni mo mọ ibi tó ń lọ."

Kò sí ohun tí Alága fara tì rí nínú ilé náà tó tún dúró bó ṣe wà. Ó ti fara ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nígbà tí ìyàwó Káfíńtà ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣubú, Alága dúró síbẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀.

Káfíńtà dàgbà ju Jórinjórin lọ, ṣùgbọ́n Jórinjórin ló fẹ́ àkọ́bí Màmá. Nítorí náà, kálukú ń pe èkejì ní àbúrò, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ.

"Àbúrò, irin máa ń gbóná," Káfíńtà sọ. "Ewé lo fẹ́ dín yẹn, kì í ṣe ajílẹ̀."

"Àwọn ikán ń kí ẹ, àbúrò," Jórinjórin dáhùn. "Wọ́n ní oúnjẹ ti délẹ̀."

Káfíńtà ya àwòrán àpótí rẹ̀ sórí ìwé, ó sì gbàgbé ìwé náà sẹ́nu ọ̀nà Alága. Nígbà tó padà, kò rí i mọ́. Alága ń jẹ nǹkan lẹ́nu, ó sì ń wò ó lójú. Káfíńtà bá kan àpótí náà bó ṣe rántí rẹ̀. Ó fi ọ́ìlì dúdú pa ẹsẹ̀ pákó nítorí ikán, ó sì fi ìṣó kàn án pọ̀. Alága yí i po, ó fara tì í. Ìṣó yọ bí eyín ọmọdé.

"Kò tiẹ̀ tíì jẹun àárọ̀ o," Jórinjórin sọ.

Páànù nìkan ni Jórinjórin fi ṣe tirẹ̀, ó jó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Alága wò ó pẹ́. Ó sún sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì padà. Páànù ká wọnú.

"Ó dún dáadáa," Káfíńtà sọ. "Bí agogo iléèwé. Ó kù kí àwọn ọmọ tò sórí ìlà."

Màmá jókòó sórí garawa tó dojú dé. "Bẹ́ ẹ bá ṣe é báyìí, inú yàrá yẹn ni Alága máa darúgbó sí. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí ni?"

Wọ́n bá pawọ́ pọ̀. Jórinjórin jó férémù irin, ó ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ kọnkéré. Káfíńtà gé pákó, ó fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì so ó mọ́ irin dípò ìṣó. Màmá ń pàṣẹ.

"Ẹ fi àlàfo sáàárín pákó, kí atẹ́gùn máa wọlé."

"A ti fi sí i, Màmá."

"Ilẹ̀kùn yẹn há. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i. Ìta ni kẹ́ ẹ gbé ìkọ́ rẹ̀ sí."

"Màmá, ṣé ewé máa sá lọ ni?" Jórinjórin béèrè.

"Kí páànù bo orí rẹ̀ dáadáa. Òjò ò gbọdọ̀ kán síbẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ máa ń fẹ́ omi díẹ̀ kó tó jẹrà, Màmá."

"Mo ní òjò ò gbọdọ̀ kán síbẹ̀."

Pákó tó gbẹ̀yìn wúwo. Káfíńtà gbé e títí, òógùn bò ó lójú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ bá mi di ibí yìí mú."

Jórinjórin dì í mú. Àwọn méjèèjì ṣe bíi pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Alága dé. Ó fara tì í, kò mì. Ó sún sẹ́yìn, ó padà, kò mì. Ó tún un ṣe, ó wá yí ẹ̀yìn sí i, ó ń jẹnu bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

"Ẹ pín yàrá náà," Màmá sọ. "Pákó lápá ọ̀tún, irin lápá òsì. Ẹ má ṣáà jó ilé mi."

Nígbà tí òjò ṣú nírọ̀lẹ́, tí Alága sì ti sáré wọ yàrá iwájú, Màmá so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó fà á lọ sẹ́yìnkùlé, ó di ìwo rẹ̀ méjèèjì mú kó lè gba ẹnu ilẹ̀kùn àpótí náà kọjá, ó fi ìkọ́ kọ́ ọ láti ìta, ó sì sọ fún òbúkọ náà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ pé, "Láti òní lọ, ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa ṣe ajílẹ̀."