Ọ̀dà Inú Bàálù

"Bàbá Khàdíjàt, ẹ jáde kẹ́ ẹ gba atẹ́gùn sára! Òórùn ọ̀dà yìí ti pọ̀ jù."

"Ó ku díẹ̀," ni tísà tó ti fẹ̀yìntì náà dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn. Inú bàálù kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ pẹ̀lú fáíbà sẹ́yìnkùlé wọn l'Ọ́fà ló wà. Láti àárọ̀ ló ti ń fi ọ̀dà funfun kun inú rẹ̀, kí oòrùn àti ọ̀rinrin má baà jẹ fáíbà náà.

Nígbà tó jáde, ọ̀dà kún irùngbọ̀n rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Ó ti parí! Wọlé, jókòó sí àga awakọ̀."

Obìnrin náà wọlé, ó jókòó. Ó gbójú sókè. Ọkọ rẹ̀ ti kun gíláàsì iwájú mọ́ ara bàálù pátápátá. Ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nù ún, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti gbẹ.

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bàálù, kó lè bi í léèrè. Ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí kò sí ẹnì kankan, ni ọkùnrin náà kọjú sí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà wo lojú ọkọ òun ti fọ́, tí kò sọ fún òun?

"Wo iwájú," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣé o rí ọ̀nà Ìjàgbo?"

Obìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀dà funfun náà.

"Mo rí i, Bàbá Khàdíjàt. Mo rí i kedere."