Ewì Tí Gbogbo Ayé Ń Pín Kiri

Akéwì jókòó sí ilé iṣẹ́ rédíò.

Ìwé ewì mẹ́ta ló ti kọ, kò sẹ́ni tó yà á sí.

Fídíò kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ké e bí ẹ ṣe ké e nínú fídíò yẹn," ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ má fo ibi tí ohùn yín ti há o. Ibẹ̀ ló dùn jù."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ya fídíò náà, tó sì ti sọ ara rẹ̀ di mánéjà rẹ̀, rọra fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá wọn lóhùn. Àwọn èèyàn ń gbọ́ wa."

Akéwì wò ó. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni o. Ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu.

"Ta ló kọ́ yín ní ẹkún yẹn, mà?" ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tún bi í. "Ó jọ òótọ́ gan-an."

Ó fa gbohùngbohùn mọ́ra.

"Mi ò kéwì lọ́jọ́ náà," ló wí. "Ọmọbìnrin mi ni wọ́n tẹ́ sórí ẹní níwájú mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Àbúrò mi yìí ló gé òkú rẹ̀ kúrò nínú fídíò kó tó gbé e síta."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sáré fi orin sí i.

Akéwì tutọ́ síwájú bàtà àbúrò rẹ̀, ó sì jáde.