Ọkọ̀ Láti Ìpetumodù Ti Dé

Ọkọ̀ akẹ́rù ti dúró síwájú ilé ní Ilare, Adésọjí kò tíì ṣílẹ̀kùn yàrá.

Ọdún méjì ni wẹ́dà tó ń jó irin yìí fi ṣe ẹ̀rọ tó ń pa ekùrọ́ nínú yàrá náà, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ wá ẹni tó máa fowó sí i ná, ká fi gba ṣọ́ọ̀bù," ni Àyọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń sọ nígbà náà.

Adésọjí ní owó olówó kò ní sọ òun dẹrú.

Lónìí, oníbàárà gbówó dé láti Ìpetumodù.

"Àbí kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

Adésọjí dúró dí ẹnu ilẹ̀kùn. Àyọ̀kẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ náà ń dán. Ó fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà méjì.

"Ẹ tú u," ni oníbàárà wí.

"Mo ti jó gbogbo ẹ̀ pọ̀, sà."

"Ẹ wó ògiri tó kọjú síta nígbà náà."

Ẹ̀gbọ́n bàbá Adésọjí jókòó sórí pèpéle símẹ́ńtì tó fara ti ògiri náà níta. Kò dìde. Ó fọwọ́ pa símẹ́ńtì náà jẹ́jẹ́.

"Ibi tá a sin bàbá ẹ sí nìyí, Sọjí. Sọ fún un kó dìde, kí ẹ̀rọ ẹ lè ráyè kọjá."