Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Òkun

Lìádì ti kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ síta. Ó ní ìbínú obìnrin náà ti pọ̀ jù, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ l'Ákànràn. Awọnlẹ̀ tó ń kọ nọ́ńbà sára òpó kọnkéré níwájú ilé ni ìyàwó ń bá sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ kọ yẹn?"

"Ìwọ̀n tí ilẹ̀ yín fi ga ju òkun lọ ni, mà."

"Òkun tó ń kún, tó ń fà? Èwo lẹ mú níbẹ̀?"

"Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àárín rẹ̀ ni wọ́n ń lò."

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Baba Humairah, ọdún mélòó lẹ ti fẹ́ mi?"

"Méjìdínlógún."

"Ó ku ọdún kan kẹ́ ẹ tó mọ bí mo ṣe rí," ó ní, ó sì wọlé lọ dáná.