Alùpùpù Yìí Gbọ́dọ̀ Jí Lónìí

Mò ń fi àkísà nu púlọ́ọ̀gì kejì.

Àwọn ọ̀rẹ́ Tiwalọpẹ́, ọmọ mi, ti ń bọ̀. Alùpùpù àtijọ́ yìí gbọ́dọ̀ jí kí wọ́n tó dé.

Sílíńdà méjì ló ní. Ọ̀kan ń dún, èkejì yadi.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Bàbá Tiwalọpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, irin lásán nìyẹn. Ẹ wá fi nǹkan sẹ́nu."

"Mo ti ṣèlérí fún ọmọ náà."

Ojoojúmọ́ ni Tiwalọpẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, pàǹtí ni nǹkan yìí! Kò lè jí lójú ayé mi. Ṣùgbọ́n bó bá jí, èmi ni kó kọ́kọ́ bá jáde nílé yìí."

Mo dá púlọ́ọ̀gì padà sáyè rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ta alùpùpù náà.

Sílíńdà méjèèjì dáhùn. Gbogbo Òkè-Ìlá gbọ́.

Mo yíjú padà láti san yẹ̀yẹ́ Tiwalọpẹ́ fún un.

Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi.

Ọlágúnjú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ aṣọ dúdú wọlé. Mo fa alùpùpù náà lé e lọ́wọ́.

"Máa gùn ún níwájú pósí. Rọra o. Ojú bàbá kì í rí sàréè ọmọ."

Mo nu ọwọ́ mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde.