Ọkọ̀ Tó Fẹ̀yìn Tì Sílé Sàfúrátù

Láti ọjọ́ tí òfin ti ní kí ọkọ̀ èrò tí Nójímù tù lórí ọ̀sà wá fẹ̀yìn tì sẹ́yìnkùlé wọn létí omi ni Sàfúrátù ti di ìyálé. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ̀ ni Nójímù ọkọ rẹ̀ ń kọ́kọ́ lọ kí.

Láàárọ̀ yìí, owú gbé e dé etí omi.

"Ìwọ irin dídípẹtà yìí, kí lo fi ń mú ọkọ mi?"

"Ẹ káàárọ̀, ìyàwó ọ̀gá," ni ọkọ̀ dáhùn. "Oríkì yín ló ń wá kọ́. Ó ti ń gbàgbé."

Ọkọ̀ bá kì í: "Àníkẹ́, ọmọ ẹlẹ́ja tútù..." Ohùn Nójímù nígbà ọ̀dọ́ ni, ohùn tó fi ń kì í lójú omi, tí kò sì fi kì í rí nínú ilé.

Sàfúrátù jókòó sórí àga èrò.

"Tún un kì," ló wí. "Àmọ́ bó bá dé, má dá a lóhùn. Jẹ́ kó wá bi mí."